Obìnrin Inú Fóònù Ọkọ Mi

Ọkọ mi tún ti dojú kọ fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kọ́míìkì obìnrin kan lórí Fesibúùkù ló ń kà. Àjọkẹ́ Onípáálí lobìnrin náà ń pe ara ẹ̀.

"Ìyá Ameenat, ẹ̀yìn páálí tí wọ́n ń ká léèsì mọ́ ló ń yàwòrán sí o! Irú ẹ̀ ló yẹ kéèyàn fẹ́."

Owú gba gbogbo ara mi.

Èmi náà ti ń ya kọ́míìkì láti kékeré. Ọdún tó fẹ́ mi ló ní eré ọmọdé ni, kí n gbájú mọ́ aṣọ tí mò ń tà lọ́jà Aswani.

"Ọkọ inú ìtàn ẹ̀ yìí mà gọ̀ o!"

Mo rọra fi ìró nu íǹkì ọwọ́ mi.

Orúkọ tí mo fi bo ara mi ló ń gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi yìí.