Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí Gladys Fi Sùn Lórí Itan

Lọ́jọ́ Ajé, Clifford Ogden sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ti ìlú dé, ó rọra gun òkè lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò ti sí ní abúlé. Kí tíì tó tutù, ó ti ń bi Enid aya rẹ̀ pé ibo ló gbé ṣọ́bìrì sí, nítorí ọ̀dùnkún ti tó wà.

"Ọ̀dùnkún á dúró," Enid ní. "Gladys ni kò lè dúró. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un."

Ife tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Clifford.

Gladys ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹranko funfun kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Bó bá kó wọ ihò, gbogbo ehoro ibẹ̀ a sá jáde. Ọdún mẹ́ta léraléra ló ti gba ipò kìíní nínú eré ìje inú páìpù tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ àjọ̀dún ìkórè, ti ọdún yìí sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Enid ṣí apẹ̀rẹ̀. Gladys wà níbẹ̀, báńdéèjì yí i níkùn.

"Rọ́bà bàtà ló gbé mì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo."

"Kí ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbé?"

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Orí itan ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó máa sùn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Tí okùn tí wọ́n fi rán an bá já, ó parí nìyẹn."

"Nínú ilé níbí?" Ọdún mẹ́sàn-án ni Enid ò fi jẹ́ kí òórùn Gladys kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Nínú pálọ̀. Jókòó."

Clifford jókòó.

Enid ń gbé ẹyin tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì wá fún Gladys, ó ń gbé ọbẹ̀ wá fún Clifford. Òun nìkan ló ń pààrọ̀ báńdéèjì, nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Bí Clifford bá ti dárúkọ ọ̀dùnkún, Enid a ní, "Ó dáa, jẹ́ kí n gbé Gladys fún Walter kó bá wa tọ́jú ẹ̀." Clifford a fẹ̀yìn tì padà.

Walter aládùúgbò, tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ máa ń ṣe ipò kejì, wá wò wọ́n fúnra rẹ̀.

"Clifford! Ìwọ tó o wa èédú fún ọgbọ̀n ọdún, o wá di abiyamọ!"

"Rọra sọ̀rọ̀, ọmọ ń sùn."

"Ṣé o ti fún un lọ́mú lónìí?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Clifford. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. "Walter, jọ̀ọ́, má pa mí lẹ́rìn-ín." Enid ti fi ìgbálẹ̀ lé Walter dé ojú títì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Gladys fò bọ́ọ́lẹ̀, ó kó sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Má dìde!" Enid pariwo. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin dojú bolẹ̀ gbalaja, ó sì wọ́ ẹranko náà jáde.

"Wo okùn ẹ̀!" Clifford ké.

"Okùn ò já," Enid ní. Kò wo Gladys rárá. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ò nàró tán?"

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí eré ìje ku ọ̀la, nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kékeré. Clifford na Gladys sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́."

"Ẹranko kẹ̀?" nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀tì yín sókè, bàbá."

Ó yọ okùn mẹ́jọ tí wọ́n fi rán ikùn Clifford nílé ìwòsàn ìlú, ó ní òun ò tíì rí baba arúgbó tí ojú abẹ rẹ̀ san dáadáa tó báyìí, ó wá bi Enid pé kí ló fi dè é mọ́ àga. Enid kàn gba sísọ́ọ̀sì náà, ó gé báńdéèjì Gladys, irun funfun ikùn rẹ̀ sì pé pérépéré, ẹyọ kan ò dín níbẹ̀, kò sí ojú abẹ kankan.