Ẹ́ńjìnnì Olóògbé

"Mo ti já sìkiọ́ríti rẹ̀," ni Fọláhàn, rẹwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Ladi-Lak, wí. "Ẹ́ńjìnnì yín ò ní béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́."

Kí opó tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà tó dáhùn, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ẹbí ní kí n wá gbé mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi."

Inú mọ́tò ọ̀hún ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì yẹn lánàá, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù, kó lè máa yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, torí iná ò sí ní àdúgbò wọn ní Bajulaiye. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ẹbí ọkọ jà?

"Kọ́kọ́rọ́ rèé, Bọ̀dá. Ẹ bá mi kí wọn nílé."

Ọkùnrin náà wọ mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yí kọ́kọ́rọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni Fọláhàn so wáyà pọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù.

Àbúrò ọkọ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi mọ mọ́tò í tọ́jú." Ó ki í sí jíà, ó tẹná mọ́ ọn. Mọ́tò ò mira.

Ó yọrí lójú fèrèsé. "Ìyàwó, ó jọ pé jíà rẹ̀ ló kọṣẹ́."

"Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá," ni opó wí, ó sì wọlé lọ ki bébà sẹ́nu ẹ̀rọ.