Owó Orí Ọkọ Lois

Lois dúró níwájú tábìlì òṣìṣẹ́ owó orí ní Fẹ́sítàkì.

"Owó orí ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ bá ọkọ mi san, sà. Agbaṣẹ́ṣe ni. Ó ń kun àwọn ilé alájà l'Ámúwo."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, àwọn èèyàn ń sá fún wa, ẹ̀yin ń wá wa kiri! Ṣé iṣẹ́ ìjọba ló fẹ́ gbà ni?"

"Rárá, sà. Ilé-iṣẹ́ tó gbéṣẹ́ fún un ló ń béèrè ìwé owó orí rẹ̀."

"Kó wá fúnra rẹ̀. A máa ya fọ́tò rẹ̀, á sì tẹ̀ka."

"Kò lè wá, sà."

"Ọwọ́ tiẹ̀ dí ju tèmi lọ, àbí? Ẹ pè é, kí n bá a sọ̀rọ̀."

Lois ò mú fóònù jáde.

"Ó já bọ́ láti orí àkàbà wọn lọ́jọ́ Ẹtì. A ò tíì sin ín. Wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ní ìwé owó orí, àwọn ò gbéṣẹ́ fún un rí."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà.

"Àǹtí, òkú kì í san owó orí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á, sà. Kí wọ́n lè jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ wọn ló pa á."