Páìpù Tó Gba Abẹ́ Sàréè Ìyá Mi

Láàárọ̀ yìí, rọ́bọ́ọ̀tì ìjọba tó ń tún páìpù ìgbẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ wọ ẹ̀yìnkùlé mi. Ó gbóòórùn ilẹ̀ títí, ó wá dúró sórí sàréè ìyá mi.

"Bàbá, abẹ́ ibí ló ti ń jò," Àdùfẹ́ tó ń darí rẹ̀ wí. "A máa gbé màmá lọ sí itẹ́ òkú ìjọba."

"Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni ìyá mi ni? Jẹ́ kó máa jò! Kó jò dé Mẹ́kà!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Òfin ni."

Mo sunkún débi pé ẹja lè lúwẹ̀ẹ́ nínú omijé mi. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé ìyá mi lọ.

Àdùfẹ́ na fóònù sí mi. "Ẹ tẹ àtàǹpàkò síbí, bàbá, pé inú yín dùn sí iṣẹ́ náà."

Mo tẹ̀ ẹ́.