Ikán Tó Fi Àdín Para

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ààlọ́ mi já wàì, ó bọ́ sínú ògán, ìlú ikán. Afọ́jú ni gbogbo ọmọ-ogun ibẹ̀. Ariwo lásán kì í gbé wọn dìde. Ẹni tó bá rí ọ̀tá gbọ́dọ̀ dì wọ́n mú ṣinṣin kí wọ́n tó jà.

Aríran, aṣọ́nà wọn, kórìíra kí ará ìlú fara kan òun. Ó ní ẹlẹ́gbin ni wọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń fi àdín para kí ọwọ́ wọn lè máa yọ̀ lára òun.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ìjàlọ tó ń ya bọ̀ bí àgbàrá. Ó sáré di Balógun mú, ọwọ́ yọ̀. Ó tún dì í mú, ó tún yọ̀. Ó bá fi orin bẹ̀ ẹ́:

Baba Balógun, dìde o,
*Yọ̀bọ̀lọ̀!*
Ìjàlọ ti wọlé dé,
*Yọ̀bọ̀lọ̀!*
Àwọn ọmọ mi ń bẹ níyàrá,
*Yọ̀bọ̀lọ̀!*

Balógun rẹ́rìn-ín. "Aríran ọlọ́ṣọ̀ọ́, ṣé àwa ẹlẹ́gbin lo wá ń bẹ̀? Orin rẹ dùn. Dì mí mú ká lọ."

Aríran fi yẹ̀pẹ̀ ha ara títí ó fi bó. Àdín ti wọ ọ́ lára. Ìjàlọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Nígbà tí igbe wọn dákẹ́, ó káwọ́ mọ́ra rẹ̀. Ọwọ́ náà yọ̀.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ògán náà ṣì wà létí ọ̀nà, ó ti dahoro. Ẹ kàn án wò, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn.