Fèrè Ràmọ́nì

Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni Waheedat ò ti jẹun. Ibà ti lọ, àmọ́ ẹnu ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Misturat, ìyá bàbá rẹ̀, po ògì fún un, ó kọ̀. Ó sun iṣu tuntun, ó fi epo pa á, ó kọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún nà sórí ẹní bí aṣọ tí wọ́n fún sílẹ̀.

Misturat ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹní. Bí Ṣùkúrù ṣe lọ nìyẹn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bàbá Waheedat. Ibà lọ, ẹnu kọ̀, wọ́n gbé e sin.

Màríámù, aládùúgbò tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí, ní, “Ìyá Ṣùkúrù, ẹ ra áísìkirimù fún un.”

“Áísìkirimù ni oúnjẹ?”

“Ohun tí ẹnu bá ti gbà, oúnjẹ ni.”

Misturat pòṣé. Ọ̀rọ̀ Ràmọ́nì tó ń ta áísìkirimù ò dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ gun máṣíìnì rẹ̀ wọ àdúgbò wọn ní Ṣakí, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan. Á fun fèrè rẹ̀ tó ń kọrin bí ẹyẹ, á fún wọn lá lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, kì í wulẹ̀ polówó mọ́. Fèrè á dún, àwọn ọmọ á ju òkèlè sílẹ̀, wọ́n á sáré. Ewúrẹ́ pàápàá á gbórí sókè.

“Olè gbọ́n,” Misturat ti sọ fún un lójúkojú. “Èmi, bí oníbàárà bá rajà tán ni mò ń fún un ní ènì, kó lè padà wá. Ìwọ, ènì lo kọ́kọ́ gbé fún wọn.”

Ràmọ́nì rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ọ̀dọ̀ yín náà la ti kọ́ ọ.”

“Yọ Waheedat kúrò níbẹ̀ o. Eyín rẹ̀ ti ń jẹrà.”

“Ẹ bá mi di í létí nígbà náà.”

Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màríámù lánàá, Misturat fúnra rẹ̀ ló retí fèrè náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dún. Lónìí, oòrùn kan àtàrí, àwọn ọmọ àdúgbò ṣì wà ní ilé kéú, Màríámù ti gbé igbá rẹ̀ lọ sílé.

Ìgbà náà ni fèrè dún. Kì í ṣe lápá mọ́ṣáláṣí tó máa ń dúró sí. Ẹ̀yìn ilé ló ti dún, lápá igbó tíìkì.

Waheedat dìde jókòó.

“Ìyá àgbà, Ràmọ́nì ti dé.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọ láti àná nìyẹn. Itọ́ sun lẹ́nu Misturat náà. Ó tú etí ìró, ó yọ owó.

“Ṣé wàá lè rìn?”

Ọmọ náà ti kúrò lórí ẹní.

“Má sáré o! Ní kó fún ọ ní ènì!”

Ẹsẹ̀ kékeré dún pátapàta lọ sẹ́yìn ilé. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́. Máṣíìnì tí wọn ò pa látìgbà tó ti dé bú ramúramù, ó lọ.

Misturat ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ó da ògì tó ti dì nù, ó gbé omi tuntun kaná, torí ẹnu tó bá ti lá nǹkan dídùn ò ní pẹ́ béèrè oúnjẹ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Omi náà ń hó nígbà tí ẹnìkan kí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú ilé o, Ìyá Ṣùkúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí lómi.”

Ràmọ́nì ni. Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, erùpẹ̀ pupa gùn ún dé orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí.

Misturat wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ọmọ.

“Máṣíìnì rẹ ńkọ́?”

“Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ló gbà á lọ́wọ́ mi lánàá lọ́nà Ògbóòrò,” ni Ràmọ́nì wí, “tòun ti fèrè rẹ̀.”