Ìkìlọ̀ Tó Gba Ọwọ́ Mi Kọjá

Huguette di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo ẹgbẹ́ onírédíò wa, àwa tí a ń fi rédíò ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ kẹta rèé tí ẹrẹ̀ òkè Attécoubé bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tonton Lúkmánì, ẹ ṣeun. Òjò ti gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ìkìlọ̀ pé òkè fẹ́ ya, tí ẹ fi rédíò ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà mi, ló gba àdúgbò là. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la ní kí ẹrẹ̀ tó dé, a ò rí màmá gbé sọ̀kalẹ̀."

Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá tiyín ńkọ́?"

"Ara wọn le."

Aago méjì ni ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀rù bà mí pé bí gbogbo èèyàn bá gbọ́, mi ò ní rí tákísì.

Mo kọ́kọ́ lọ gbé ìyá tèmi kúrò lórí òkè yẹn.

Aago mẹ́ta ni mo tó fi ránṣẹ́ sí Huguette.